Fìlà Tó Ń Ṣiṣẹ́ Ìjọba

Nọ́ńbà ìwé: ML/MIST/01
Ilé Ládòkun, Òkè-Ẹmì, lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí
Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta, 2025

Misturat Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ nínú òtútù tó o wà. A kú ààwẹ̀ o. Ọjọ́ kẹta rèé, ìyá rẹ sì ti ń bínú sí oòrùn bíi pé aládùúgbò tó ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ara wa le. Ewúrẹ́ tó o fi sílẹ̀ tún bí méjì.

Mo rí iṣẹ́ tó o rán sórí fóònù nípa ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ní kó o mú wá kí wọ́n tó lè tún ìwé ìrìnnà rẹ ṣe. N kò pè ọ́ padà nítorí o mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní nọ́ńbà, tí kò sì wọ fáìlì, lójú tèmi kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti lò ní yàrá ìwé ìjọba ìbílẹ̀ wa kò lè já sí àsán. Èmi á máa kọ ọ́, Àwáwù tó ń gbé ilé kejì á máa ya fọ́tò rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù.

Fọkàn balẹ̀ lórí ìwé náà. Samsudeen Adégbénró ló ń buwọ́ lù ú, lẹ́yìn náà ó máa wá sọ́dọ̀ mi kí n fún un ní nọ́ńbà, kí n sì tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù fún un. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́.

Wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá fún wa, Ìyáàfin Ojúọlápé. Ara rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n aago méje ààbọ̀ ló ń dé ẹnu iṣẹ́. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àwọn ará ìlú ń ráhùn pé àwọn kì í bá ènìyàn lórí àga. Ó ní kí n máa kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́, ìwé tó máa jẹ́ kí iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Inú mi dùn jọjọ. Èyí ni mo kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ pátákó:

“Ìkìlọ̀ kìíní. A fi àsìkò yìí ta gbogbo òṣìṣẹ́ lólobó pé ojú àwọn aláṣẹ ti ríran dé ibi tí kò ríran dé rí. Ẹni tó bá kọ etí dídi sí ìwé yìí, ìyà tó máa jẹ ẹ́ kò ní kéré, kò sì ní tètè tán.”

Ó wú èmi fúnra mi lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé lónìí, ẹnì kan ti já a, ó fi di àkàrà tó fẹ́ fi ṣínu.

Ìwọ náà ń ṣiṣẹ́ ní kánsù níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́? Fi ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìkìlọ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi, èyí tó gbóná jù. Ìyá rẹ sì ní kó o má gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ onírun tó o ṣèlérí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Muhydeen Ládòkun.
Ẹ̀dà kan wà nínú fáìlì.


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
12 oṣù kẹta, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màámi. Kí Ọlọ́run gba ààwẹ̀ yín. Ìbọ̀sẹ̀ ti wà nínú àpò, ẹni tó máa mú un bọ̀ ni mò ń wá.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọ̀rọ̀ ìwé náà ní kánkán. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún ni wọ́n dá fún mi láti gbé àwọn ìwé mi wá. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo tún máa dúró. Àwọn ọ̀gá mi sì ti sọ pé àwọn fẹ́ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, kí n kúrò ní òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà tó ti kú kò lè gba iṣẹ́ fún ènìyàn. Àyà mi ń já.

Nípa ìwé ìkìlọ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí níbí. Ẹ̀ka tó ń kó ìdọ̀tí ni mo wà. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa tó ń jẹ́ Peter máa kó wa jọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdúró la máa ń wà, torí ẹni tó bá jókòó á rojọ́ púpọ̀. Kì í pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi oníkálukú wa: “Ta ló ń dúró dè ọ́?” O ò gbọdọ̀ dárúkọ fáìlì, ènìyàn lo máa dárúkọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dárúkọ ìyá àgbà kan tí kò lè ti ike ìdọ̀tí rẹ̀ dé etí títì. Nígbà tí mo ti fẹnu ara mi dárúkọ rẹ̀, mi ò lè jẹun ọ̀sán títí mo fi yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ju ìkìlọ̀ lọ.

Bàbá, ṣé fìlà ṣì wà lórí àwọn àga yín? Nígbà tí mo wà ní kékeré tí Màámi máa ń ní kí n gbé oúnjẹ wá fún yín, mo ka fìlà mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kan, mo ka orí mẹ́ta.

Ọmọ yín,
Misturat.


Nọ́ńbà ìwé: ML/MIST/02
Abẹ́ igi ẹmì, oko wa
Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin, 2025. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀.

Misturat, ọmọ mi,

A kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àṣèyí ṣàmọ́dún. A jẹun, a yó, ìyá rẹ kò sì bínú sí oòrùn mọ́.

Mo gba ìmọ̀ràn rẹ. Mo pe ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ààwẹ̀ ṣì wà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àmọ́ ta ni yóò ní kí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ dúró lójú àwọn ọmọ kékeré? A ní kí wọ́n lọ kó àga wá láti gbọ̀ngàn. Ìyẹn gba ìdajì wákàtí. Àlùfáà Ìyápọ̀ tó wà ní ẹ̀ka ìlera ṣí ìpàdé pẹ̀lú àdúà, ó ní nígbà tó jẹ́ pé oṣù ọlọ́wọ̀ la wà, òun á fi wáàsí díẹ̀ lé e lórí ìfọkàntán. Wáàsí náà dára púpọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ní ó yẹ kí tiwọn náà gbàdúrà, kó má baà dà bí ìyànjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje sílẹ̀ tí yóò wo bí a kò ṣe ní máa fi àkókò ará ìlú ṣòfò. Nígbà tí a fi ṣe àmín tó kẹ́yìn, wọ́n ti ń pe ìrun Àìlà, àwọn ará ìlú tó wà níta sì ti lọ sílé. N kò tíì ráyè bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ń dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ fìlà tó o sọ, o mọ̀ pé àṣà ibẹ̀ ni. Ẹni tó wá, tó bá rí fìlà lórí àga, á mọ̀ pé onífìlà kò jìnnà, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Síbẹ̀, mo gbé ìgbésẹ̀. Mo lẹ Ìkìlọ̀ kẹta pé a kò gbọdọ̀ rí fìlà lórí àga tí kò sí ènìyàn, àfi ti àwọn olórí ẹ̀ka, tí iṣẹ́ lè gbé jáde nígbàkúgbà. Fìlà pòórá lọ́jọ́ kejì. Tẹ̀sùbáà ló wà lórí àga báyìí, àti awò ojú. Akọ̀wé kan gbé bùtà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹni tó bá dé lè rò pé àlùwàlá ló ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ni bùtà náà fi ṣe àlùwàlá.

Ìwé rẹ wà lọ́dọ̀ Samsudeen. Awò ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ ni kò sí. Mo ti kọ mẹ́mò mẹ́ta sí i. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́.

Àkọ́rọ̀ òjò ti dé. Ìsinmi ọdún parí lánàá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Igba ebè ni mo fẹ́ kọ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo kàn ní kí n fi ibi tí mo ti ń sinmi yìí kọ̀wé sí ọ. Má ṣe dààmú nípa ọ́fíìsì o. Fìlà mi wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Muhydeen Ládòkun.
Ẹ̀dà kan wà nínú fáìlì.


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
10 oṣù kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo ti ka ìwé yín tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rín pa mí nígbà àkọ́kọ́, n kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà kẹta.

Bàbá, Ọjọ́rú ni ẹ kọ ọ́, aago mẹ́wàá, lábẹ́ igi ẹmì. Bí èmi bá jẹ́ ará ìlú tó wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ náà, ta ni ǹ bá bá lórí àga? Ẹ má bínú sí mi. Àwọn àgbà tó tọ́ mi dàgbà ló kọ́ mi pé ẹni tó ní òun á dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Peter bi mí lánàá pé kí ló ń dá ìwé náà dúró. Mo ní bàbá mi ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní, “À, ó ti parí nìyẹn.”

Misturat.


Nọ́ńbà ìwé: ML/KÚẸ́RÌ/01
Òkè-Ẹmì
22 oṣù kẹrin, 2025

Sí: Misturat Ládòkun
Kúẹ́rì: Títàbùkù àgbà

A ti gba ìwé rẹ ti ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí. A ṣàkíyèsí pé o fi òwe bú bàbá tó bí ọ, o sì sọ ọ̀rọ̀ ilé fún òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé bàbá rẹ̀.

A pa á láṣẹ fún ọ láti ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ bá ọ wí.

Ní ti ìwé ẹ̀rí rẹ, ó ṣì wà lọ́dọ̀ Samsudeen aláìníṣẹ́lọ́kàn. Mo ti kọ mẹ́mò kẹrin. Ohun tó wà ní agbára mi nìyẹn.

M. Ládòkun,
Olórí yàrá ìwé.


Òkè-Ẹmì
30 oṣù kẹrin, 2025

Misturat,

Èmi ìyá rẹ ni. Kí o má ṣe yọ mí lẹ́nu nípa ìkọ̀wé mi, ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ọ, n kò sì ní nọ́ńbà.

Àwáwù ka kúẹ́rì yẹn fún mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi, lẹ́yìn náà mo bínú. Bàbá rẹ kò jẹun dáadáa láti ìgbà tí ìwé rẹ dé. Bí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á ní, “Ọrùn mi ni ọmọ rẹ ń wò.” Èmi náà á wo ọrùn náà.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Fìlà mẹ́ta ni bàbá rẹ ní. Ọ̀kan wà fún Jímọ̀, ọ̀kan wà fún oko, ọ̀kan wà fún àga. Èyí tó wà fún àga kò wá sílé láti ọdún tó o ti lọ, n kò rí i fọ̀. Aago méje ààbọ̀ ló ń dé ọ́fíìsì lóòótọ́, ó ń kọ orúkọ sínú ìwé, ó ń kí fìlà, ó ń bá ọ̀nà oko lọ. Aago méjì ló ń padà láti tún kọ orúkọ pé òun ń lọ sílé. Lójú rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣu kò bá wa wá ìwé rẹ.

Ní ọjọ́ Ajé, màá lọ síbẹ̀ fúnra mi. N kò ní lọ bí ìyàwó olórí yàrá ìwé. Màá lọ bí ará ìlú.

Àsíátù, ìyá rẹ.


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
2 oṣù karùn-ún, 2025

Màámi,

Ẹ ṣeun, ẹ kú ìfẹ́ mi. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Mo ti ń lá àlá pé mo dúró níwájú fìlà ńlá kan tí mò ń ṣàlàyé ara mi fún.

Ẹ má bá Bàbá jà. Mo mọ̀ pé oko yẹn ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Ẹ sáà bá mi wo ibi tí ìwé náà wà. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi.

Misturat.


Òkè-Ẹmì
Ọjọ́ Jímọ̀, 9 oṣù karùn-ún, 2025

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ìwé yìí kò ní nọ́ńbà, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ nínú fáìlì kankan.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ wá sí ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń dúró. Èmi ti lọ sóko. Ohun tó rí níbẹ̀, òun ló rò ó fún mi. Ó ní gbogbo ẹni tó wọlé ló ń kí fìlà mi. Obìnrin opó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mùyìbátù, abúlé kan lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló ti ń gun ọ̀kadà wá. Ìwé ẹ̀rí ni òun náà ń wá, fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tó máa wá nìyẹn. Ó dé iwájú àga mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ó padà sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá rẹ ní òun bi í pé ta ló ń kí. Ó ní, “Bàbá ni. Wọn ò jìnnà.”

Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá rẹ dìde. Ó ní bí òun kò bá tilẹ̀ rí ìwé, òun á mú fìlà yẹn lọ fọ̀. Ó gbé e sókè. Ìwé mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀ lórí àga. Mẹ́sẹ́ńjà wa ló ń kó wọn síbẹ̀ kí fáànù má baà fẹ́ wọn lọ. Tìrẹ wà láàárín wọn. Samsudeen ti buwọ́ lù ú láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Òǹtẹ̀ mi nìkan ló kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú ọkùnrin tó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwé Mùyìbátù wà lábẹ́ tìrẹ, ó ti pẹ́ jù ú lọ.

Mo dé ní aago méjì pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo bá ìyá rẹ lórí àga mi, àwọn ìwé náà lórí itan rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní:

“Bàbá Misturat, mo bi fìlà yín níbi tí ìwé ọmọ wa wà. Ó fèsì.”

Ọmọ mi, ojú tì mí. Mo ti gba kúẹ́rì lẹ́ẹ̀kan rí lọ́dún náà lọ́hùn-ún, kò dùn mí tó báyìí. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò mi ló wà. Mo jókòó, mo fọ ọwọ́, mo fi òǹtẹ̀ lu ìwé mọ́kànlá náà kí n tó lọ sílé. Mùyìbátù ni mo kọ́kọ́ fún. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sá sẹ́yìn, ó rò pé ara mi kò yá.

Samsudeen ló gbé tìrẹ lọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù. Mo bẹ̀ ẹ́ nípa mẹ́mò mẹ́rin yẹn. Ó ní òun kò ka ìkankan nínú wọn, wọ́n gùn jù. Ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ń rán an lọ gba fọ́ọ̀mù ní gbogbo ìgbà tí mò ń bú u. Awò ojú méjì ló ní.

Ní Ọjọ́rú, mo já gbogbo ìkìlọ̀ mi kúrò lójú pátákó, mo lẹ ẹyọ kan:

“Ìwé ọmọ mi wà lábẹ́ fìlà mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé opó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló wà lábẹ́ tiyín? Muhydeen Ládòkun.”

Ẹnikẹ́ni kò fi di àkàrà. Mo rí wọn tí wọ́n ń dúró níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń padà sí yàrá wọn, tí wọ́n ń gbé nǹkan sókè. Láti abẹ́ bùtà yẹn nìkan, ìwé mẹ́fà jáde. Ìyáàfin Ojúọlápé ní láti ìgbà tí òun ti dé, èyí ni ìwé àkọ́kọ́ tí òun kà dópin. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní kúẹ́rì. Mo ti fèsì. Ìlà méjì ni mo kọ, mo ní òótọ́ ni.

A tún ṣe ìpàdé náà lánàá, ní ìdúró. Èmi ni mo kọ́kọ́ dúró, eékún mi ń dùn mí. Mo dárúkọ àwọn tó ń dúró dè mí. Àlùfáà Ìyápọ̀ fi àdúà rẹ̀ mọ ní “Bísímílà.” Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án la lò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń lọ sóko báyìí. Iṣu ọdún yìí kò ní pọ̀, fara mọ́ ọn. Mo ti fagi lé kúẹ́rì tí mo kọ sí ọ. Wàá rí nǹkan kan pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí náà nínú àpótí. Ìyá rẹ fẹ́ fọ̀ ọ́, mo ní kó jẹ́ kó lọ kíákíá kí n má baà tún rí àga fún un.

Bàbá rẹ ni.


Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
21 oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi, Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n gba àwọn ìwé mi lówùúrọ̀ yìí. Ẹni tó gbà wọ́n wo òǹtẹ̀ yín dáadáa, ó ní ó mọ́ kedere. Mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí mò ń bọ̀, obìnrin kan fún mi ní súìtì.

Bàbá, ẹ má bínú sí òwe yẹn. Mo kọ́ ọ lẹ́nu yín ni.

Fìlà náà dé láyọ̀. Mo gbé e lọ sí ẹnu iṣẹ́ láti fi han Peter, mo ro ìtàn rẹ̀ fún wọn, gbogbo ẹ̀ka wa rẹ́rìn-ín. Mo gbé e kalẹ̀ lórí àga mi lánàá nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo dé láti ibi ìwé ní ọ̀sán yìí, ìyá àgbà tó ní ike ìdọ̀tí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ mìíràn. Láti aago mẹ́sàn-án ló ti ń dúró dè mí. Mo bi Peter pé kí ló dé tí kò dá a lóhùn. Ó tọ́ka sí àga mi.

Ó ní, “Mo sọ fún un pé o ò jìnnà.”

Mo bẹ ìyá náà, mo ṣe tirẹ̀ tán kí n tó bọ́ kóòtù. Mo ti gbé fìlà kúrò lórí àga. Orí mi ló wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, òtútù sì mú. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n fọ̀ ọ́. Ó ṣì ń gbóòórùn ilé.

Ọmọ yín,
Misturat.